Ṣé Torí Pé Baba Ìyàwó Ń Gbọ̀n La Ó Ṣe Dá Ìdána Dúró?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú rèé ní kíkọ sílẹ̀, fún àwọn tí dátà wọn kò gbé fóìsì àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ dáadáa. Bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́. Fóìsì mẹ́rin ni.

FÓÌSÌ KÌÍNÍ

   

Ìbéèrè kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá tó bi mí kí n tó gbé e wá síbí, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó. Wọ́n ti mọ ara wọn, ẹbí méjèèjì ti rí ara wọn, ó ku ìdána. Àfi bí ẹnì kan nínú àwọn tó lọ ṣe ìwádìí ṣe dé tó ní baba ọmọbìnrin yẹn ń gbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá gbé e lé itan, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ rìn, ojú rẹ̀ wá le bíi ti ẹni tó ń bínú, kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn kan nínú ẹbí ní èpè ni. Ọmọ wọn kan tó kàwé ní rárá o, Parkinson ni wọ́n ń pè é, pé òun kà á lórí fóònù pé wọ́n ti rí i nínú jíìnì àwa ọmọ Nàìjíríà.

Ẹ wò ó, ọmọ yẹn rò pé òun fẹ́ ran ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣe ló tún bà á jẹ́ sí i. Torí tó bá jẹ́ èpè, wọ́n lè gbàdúrà, kí wọ́n ní orí ẹni tó ṣẹ́ ẹ ni yóò padà sí. Ṣùgbọ́n tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ baba, wọ́n ní a jẹ́ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó ń bọ̀ wá bá ọmọ-ọmọ àwọn nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ ṣe ìwádìí nìyẹn: ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé wọn, ṣé kò sí warápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Ìyá yẹn wá bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ká dá ìdána dúró ni?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mélòó kan. Mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ gbọ́ èsì rẹ̀, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ yìí wà.

FÓÌSÌ KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Dókítà kan ní London, James Parkinson, ló kọ ìwé nípa àrùn gbígbọ̀n yìí ní 1817, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ rántí Muhammad Ali tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. 1984 ni wọ́n sọ fún un pé àrùn yìí ló ń ṣe é. Nígbà tó tan iná Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996, gbogbo ayé ló rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń pèsè nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní dopamine. Dopamine yìí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ohun tí ọpọlọ ní kí wọ́n ṣe láìfalẹ̀. Nínú àrùn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè rẹ̀ máa ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti lọ kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí ẹ bá bi ìyàwó ilé dáadáa, á ní "ó ti pẹ́ o, a kàn ò mọ̀ pé àrùn ni." Kò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́. Ìgbọ̀nsẹ̀ ń nira. Ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń pariwo lójú oorun. Ìwé gbèsè tó ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i títí tí ọmọ iṣẹ́ kò fi lè kà á. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, oníbàárà á máa sọ lórí fóònù pé "Alhaji, ẹ gbóhùn sókè." Owó tó ń kà ní ìṣẹ́jú kan á gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Fún àwa tí a wà lókè ọya níbí, ọ̀rọ̀ náà tún lágbára. Ẹni tó ń ta ọjà ní ìlú tí wọ́n ti fòfin de ọtí, tó wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ kùtù, kí lẹ rò pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa sọ? Mo mọ bàbá kan tó dẹ́kun àtilọ sí ìsọ̀ rẹ̀ nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Bàbá yẹn kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo gbígbọ̀n ni Parkinson o. Èyí tó máa ń gbọ̀n tí èèyàn bá gbé ife dání, tí kì í gbọ̀n tó bá gbé ọwọ́ kalẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan mìíràn. Oògùn náà lè fà á. Metoclopramide tí wọ́n ń fún wa tí èébì bá ń gbé wa, tàbí haloperidol tí wọ́n ń lò fún àrùn ọpọlọ, tí èèyàn bá ń lò ó lọ láìdúró, ó lè sọni di ẹni tó ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ ń le. Tí wọ́n bá sì tètè mọ̀ ọ́n tí wọ́n yí oògùn padà, ó sábà máa ń lọ. Torí náà, kí ẹ tó sọ pé ìdílé báyìí ní àrùn, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí bàbá náà ń lò?

FÓÌSÌ KẸTA

Ó wá di ọ̀rọ̀ jíìnì. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí ibẹ̀ ni ọmọ tó ka fóònù yẹn ti ṣìnà.

Obìnrin kan wà ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo, dókítà àrùn ọpọlọ àti iṣan ni, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Fásitì Èkó àti ilé ìwòsàn ńlá wọn ní Ìdí-Àràbà. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú àwọn tó ní Parkinson, ó sì ti pẹ́ tó ti ń béèrè pé kí ló ń fà á lára àwa. Nígbà yẹn àwọn òyìnbó ti rí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní LRRK2. Àyípadà kan nínú rẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn Lárúbáwá Àríwá Áfíríkà. Nǹkan bí èèyàn mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó ní Parkinson níbẹ̀ ló ní in. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Júù kan náà. Wọ́n wá ní ẹ jẹ́ ká wò ó ní Nàìjíríà.

Ní 2008, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ èsì jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní àrùn náà wò, èèyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọn kò rí i lára ẹnì kan. Wọ́n tún wá àwọn ẹlòmíràn, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tẹ ìyẹn náà jáde ní 2018. Wọn ò rí i rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní iṣẹ́ òfo ni wọ́n ṣe. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá ń ṣòwò mọ̀ pé, tí o bá wá ọjà kan dé ìsọ̀ mẹ́wàá tí o ò rí i, o ti mọ nǹkan: ọjà yẹn ò sí ní ọjà yìí. Ohun tí Okubadejo mọ̀ nìyẹn: ohun tó ń gbọ̀n wá kì í ṣe ohun tó ń gbọ̀n wọ́n níbòmíràn, a sì ní láti fi ẹ̀jẹ̀ àwa fúnra wa wá a. Bí àwọn dókítà ọpọlọ láti àwọn ilé ìwòsàn ńlá káàkiri Nàìjíríà ṣe para pọ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ní àrùn náà àti àwọn tí kò ní in, láti fi wọ́n wé ara wọn.

Ní 2023 ni èsì jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet Neurology. Okubadejo wà níbẹ̀, Mie Rizig ti University College London wà níbẹ̀, Andrew Singleton ti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ní àrùn tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ 1,488, àwọn tí kò ní in jẹ́ 196,430. Nàìjíríà nìkan kọ́ o. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adúláwọ̀, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa níbí, pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí àyípadà kan nínú jíìnì mìíràn, GBA1. Ó wà lára wa, ó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ, ṣùgbọ́n agbára káká lẹ fi máa rí i lára òyìnbó.

Kí ni iṣẹ́ GBA1? Iṣẹ́ agbálẹ̀ ni. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, pàǹtí ń jáde lójoojúmọ́, GBA1 ló ń pàṣẹ kí ara ṣe agbálẹ̀ kan tó ń tú ọ̀rá àlòkù kan palẹ̀. Tí agbálẹ̀ bá dín, pàǹtí á kó jọ. Ó wá jọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine yẹn ni ara wọn kì í gba pàǹtí rárá.

Àwọn òyìnbó náà ní àìsàn GBA1 tiwọn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ti yàtọ̀, torí ibẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ̀yin télọ̀, ẹ óò yé mi lórí èyí. Tiwọn dà bí aṣọ tó ya. Tí ẹ bá na aṣọ náà sókè, ẹ óò rí ojú ibi tó ya. Tiwa kò ya níbì kankan. Ṣé ẹ mọ̀ pé télọ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí yóò gé àti ibi tí yóò ti rán an pọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ṣe ń ka jíìnì. Ó máa ń gé àwọn ibì kan dànù, á sì rán ìyókù pọ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn ni tiwa ti ṣì. Lẹ́tà kan péré ló yí padà ní apá tí ara ń gé dànù, níbi àmì tí ara fi ń mọ ibi tí yóò rán. Àwọn aṣọ kan á jáde dáadáa, àwọn kan á jáde láìpé. Agbálẹ̀ á wà, ṣùgbọ́n wọn ò ní pọ̀ tó. Ní 2024 ni wọ́n tẹ èsì ìyẹn jáde, bí àmì náà ṣe ṣì gan-an.

Ṣé ẹ wá rí i? Tí àyẹ̀wò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti wá aṣọ tó ya nìkan, ọmọ Nàìjíríà á ṣe é, wọ́n á sọ fún un pé GBA1 rẹ̀ dáa. Wọn ò parọ́ fún un. Wọn ò kàn wo ibi tó yẹ kí wọ́n wò ni. Bákan náà ni oògùn. Àwọn oògùn tó ń ran agbálẹ̀ yìí lọ́wọ́ wà tí wọ́n ń dán wò. Tí a ò bá sí nínú ìdánwò yẹn, ta ni yóò mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì?

FÓÌSÌ KẸRIN

Ó ku ìyá tó bi mí léèrè. Mà, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́.

Gbogbo wa la mọ jẹnótáìpù. AS fẹ́ AS, ṣọ́ọ̀ṣì á ní kí wọ́n lọ ronú, torí ọmọ tó bá gba S méjì, SS ni, àìsàn dé nìyẹn. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn wa tí wọ́n bá ti dárúkọ jíìnì, láti ibẹ̀ ló ti wá. Àmọ́ èyí tí à ń sọ yìí kì í ṣiṣẹ́ bíi jẹnótáìpù. A máa ń gba jíìnì kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó ní àyípadà yìí lápá kan, ó fi nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ súnmọ́ Parkinson ju ẹni tí kò ní in lọ. Ẹni tó ní in lápá méjèèjì, ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọjà. Ká kàn ní, mo ní ká kàn ní o, pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kò ní àyípadà yìí, àwọn méjì ló máa ní Parkinson tí wọ́n bá darúgbó. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in lápá kan, àwọn mẹ́ta ni. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in lápá méjèèjì, àwọn méje ni. Àwọn mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún tó kù ńkọ́? Wọ́n á lo ayé wọn, wọ́n á kú, wọn ò ní gbọ̀n. Ṣé SS ni ìyẹn jọ?

Ẹ tún wò ó. Kò sẹ́ni tó yẹ bàbá yẹn wò láti mọ̀ bóyá ó ní àyípadà náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Parkinson ni kò ní in. Tó bá tiẹ̀ ní in lápá kan, bí ẹni ju owó ẹyọ sókè ni: ọmọbìnrin rẹ̀ lè gbà á, ó lè má gbà á. Èyí tó wá wuwo jù, mà, ẹ má bínú sí mi: ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le kokooko ló ní in. Ó lè wà lára ọmọkùnrin yín. Ó lè wà lára ẹni tó lọ ṣe ìwádìí. Ó lè wà lára èmi tí mò ń sọ̀rọ̀. Tí a bá fẹ́ torí rẹ̀ lé àwọn èèyàn kúrò nínú ìgbéyàwó, a ò ní rí ẹni fẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Torí náà, èsì mi ni pé rárá. Ẹ má dá ìdána dúró nítorí èyí. Tí ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè jẹnótáìpù. Kí ẹ sì bi wọ́n bóyá bàbá ti rí dókítà ọpọlọ, torí àna yín ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹ́.

Torí ìtọ́jú wà o. Kò ní wò ó sàn pátápátá, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dá bọ́tìnnì rẹ̀ dè lè padà máa dè é. Levodopa ni oògùn tó jẹ́ olórí. Ọpọlọ máa ń sọ ọ́ di dopamine. Kí wọ́n lò ó ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà lè dí i lọ́nà. Kí wọ́n má ṣe já a sílẹ̀ lójijì, bó ti wù kí owó rẹ̀ gun tó. Ó léwu gan-an. Tí owó bá ti fẹ́ tán, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà kí oògùn tó tán pátápátá. Kí bàbá sì máa rìn, kó máa ṣe eré ìdárayá. Ìyẹn náà oògùn ni.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sísàlẹ̀ níbí, ó ní wọ́n ń ta àgúnmu wèrèpè fún un. Ó dáa, ẹ gbọ́ òótọ́ rẹ̀: wèrèpè tí a mọ̀ yìí, èyí tí irun ara rẹ̀ ń yúnni bí iná, levodopa wà nínú èso rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò lára àwọn aláìsàn. Kì í ṣe irọ́ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà nínú ike, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe pọ̀ tó nínú ṣíbí kan. Tí ẹ bá fi kún ti ilé ìwòsàn, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀, èèyàn lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má fi pamọ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ẹ̀gbọ́n mi kan ní Jos, tó ní wọ́n bẹ òun ní ilé ìwòsàn pé kí òun fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí báyìí, òun sì sá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò jẹ̀bi, ayé ti dẹ́rù bà wá. Ẹ béèrè ìwé tí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn fi fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kà á fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ, ta ni yóò rí orúkọ yín, ṣé ẹ lè yọ ara yín tó bá yá. Ẹ lè kọ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ dá ìtọ́jú yín dúró. Tí èsì wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, èmi tèmi á fún wọn. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta àkọ́kọ́ yẹn kò rí oògùn kankan gbà nínú èyí tí wọ́n fún wọn, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ti rí ìbéèrè Ìyá Ìbejì nípa ẹni tó ń gbàgbé nǹkan. Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni màá mú un. Ó dàárọ̀ o.